Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ka iṣẹ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá tún àyọkà kan ṣe nínú Wikipedia èdè Yorùbá ní Tánkè lálẹ́ òní, ọ̀rọ̀ tó kọ nìkan kọ́ ló máa kù sílẹ̀. Ìkànnì náà yóò kọ orúkọ tó fi wọlé, yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí títí dé ìṣẹ́jú àáyá, yóò kọ bí àyọkà náà ṣe gùn sí i tàbí bó ṣe kúrú sí i, àti gbólóhùn kúkurú tó fi ṣàlàyé ohun tó ṣe, bó bá kọ ọ̀kan. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí ìtàn àyọkà náà kó sì kà á láti òní padà sí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí OpenStreetMap, máàpù tí àwọn ènìyàn jákèjádò ayé jọ ń yà láti ọdún 2004 tí Steve Coast ti dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹnìkan bá fa ọ̀nà tuntun kan lẹ́yìn Ajàṣẹ́-Ìpo sórí rẹ̀, àkọsílẹ̀ yóò wà nípa ẹni tó fà á, ìgbà tó fà á, apá ibi tó wà, àti irinṣẹ́ tó fi yà á. Wikipedia ti wà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Ohun tó ti kóra jọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn ti kọjá ohun tí ojú lásán lè kà tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń kọ irinṣẹ́, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà, tí yóò bá wọn kà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń yọ̀ǹda ara wa ló ti rí èsì irinṣẹ́ báyìí: àtẹ orúkọ pẹ̀lú iye iṣẹ́ tí kálukú ṣe, tàbí ìròyìn tó ní ẹgbẹ́ yín ń dàgbà tàbí ó ń kú lọ. Owó ìrànwọ́, ẹ̀bùn ìdíje, àti ẹni tí wọ́n máa pè sí ìpàdé, gbogbo rẹ̀ lè dúró lórí àtẹ yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tí iye náà kàn jù kì í sábà mọ bí wọ́n ṣe kà á.

Ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe

Ká ní àwọn kan kọ́ ènìyàn ogún bí a ṣe ń tún Wikipedia ṣe, nínú yàrá ìkàwé kan ní Òmù-Àrán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n fẹ́ mọ mélòó ló ṣì ń kọ. Irinṣẹ́ yóò gba orúkọ ogún náà, yóò béèrè gbogbo àtúnṣe tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ṣe lọ́wọ́ Wikipedia, yóò yọ ti ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúrò, yóò sì to èyí tó kù sí oṣù-oṣù. Ènìyàn lè fọwọ́ ṣe é fún ogún. Fún igba, yóò gbà á lọ́pọ̀ ọjọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì parí rẹ̀ kí ẹ tó mu omi tán.

A kò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. XTools wà, tó ń fi hàn ohun tí oníṣe kan ti ṣe àti bí àyọkà kan ṣe dé ibi tó dé. Programs & Events Dashboard wà, tí àwọn Wiki Education ní Amẹ́ríkà kọ́, tí àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fi ń tọ́pa kíláàsì wọn. Quarry wà fún ẹni tó bá fẹ́ bi àkọsílẹ̀ náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Lápá ti máàpù, OSMCha ń ran àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò àtúnṣe tuntun lọ́wọ́, ohsome tí wọ́n ń kọ́ ní Heidelberg ní Jámánì sì ń sọ bí máàpù agbègbè kan ṣe yí padà láti ọdún dé ọdún. Gbogbo wọn ló jẹ́ open source.

Kí ló dé tí kóòdù fi gbọ́dọ̀ wà ní gbangba

Tí a bá pe irinṣẹ́ kan ní open source, ohun tí à ń sọ ni pé kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, àti pé ìwé àṣẹ kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó gbà wá láàyè láti lò ó, láti yí i padà, àti láti pín èyí tí a ti yí padà. Láti ọdún 1983 ni Richard Stallman ti ń jà fún irú òmìnira yìí, ṣùgbọ́n ọdún 1998 ni orúkọ open source jáde. Ẹ fi ọkàn sí ìwé àṣẹ yẹn. Kóòdù tí wọ́n kàn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ìwé àṣẹ, ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì ni gbogbo ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ lè máa wò ó, àmọ́ ẹ kò ní àṣẹ láti tún un lò. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa tí wọ́n gbàgbé fáìlì kékeré yìí, iṣẹ́ wọn ò sì ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Ẹ wo àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá ní Ọjà Ọba. Káàdì wà lọ́wọ́ aláàjọ, káàdì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a. Bí iye kò bá pé, àwọn méjèèjì lè jókòó ka àmì orí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ tí wọ́n ti kóòdù rẹ̀ pa ni àjọ tó jẹ́ pé aláàjọ nìkan ló ní káàdì. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní ohun tí ẹ máa fi mọ̀.

Fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn, èyí lágbára ju bó ṣe rí fún ilé iṣẹ́ lọ. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ṣi iṣẹ́ rẹ̀ kà ṣì ń gba owó oṣù. Olùyọ̀ǹda ara ẹni kò gba nǹkan kan ju pé kí wọ́n mọ ohun tó ṣe. Tí irinṣẹ́ bá ṣi iṣẹ́ rẹ̀ kà, tí kò sì rí ọ̀nà láti tú ìdí rẹ̀, yóò rọra fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìgbà tó lọ.

Nǹkan kan tún wà. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ báyìí ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ tuntun tàbí tó rẹ̀ ẹ́, irinṣẹ́ náà lè dákẹ́. Toolforge, ibi tí Wikimedia, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, ti ń gba àwọn irinṣẹ́ tí ará ìlú kọ sí, ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òfin rẹ̀: open source ni irinṣẹ́ tó bá máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, bí ẹni tó ni ín bá sì pa á tì, ọ̀nà wà fún ẹlòmíràn láti gbà á ṣe.

Ibi tí ònkà ti ń ṣini lọ́nà

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ nìyí, nítorí àwọn àṣìṣe tó kàn wá ní tiwa, ẹni tó ń kọ irinṣẹ́ ní Berlin tàbí San Francisco kò ní rí wọn láéláé.

Báìtì ni Wikipedia fi ń díwọ̀n bí àyọkà ṣe gùn tó, kì í ka ọ̀rọ̀. Báìtì ni ìwọ̀n àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà tí kò ní àmì kankan sì ń gba ọ̀kan. Ẹ kọ “Offa” bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó ojú ọ̀nà, báìtì 4 ni. Ẹ wá kọ “Ọ̀fà” bó ṣe yẹ. Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú rí, ṣùgbọ́n báìtì 8 ni kọ̀ǹpútà kà: Ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gba 3, àmì ohùn orí rẹ̀ gba 2, f gba 1, à gba 2. Nítorí náà, ẹni tó bá mú àyọkà gígùn kan tí kò ní àmì rárá, tó fi àmì ohùn sí i láti òkè dé ilẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un, yóò hàn nínú ònkà bí ẹni tó kọ ọ̀pọ̀ ìpínrọ̀ tuntun. Iṣẹ́ gidi ni fífi àmì sí ọ̀rọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Síbẹ̀, irú iṣẹ́ kan kọ́ ni pẹ̀lú kíkọ ìtàn ìlú tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ, ìdíje tó bá sì ń fi báìtì yan ẹni tó borí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Òdìkejì rẹ̀ tún burú jù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n sì ṣí i. Ká ní ẹnìkan ṣèèṣì kọ 1954, tí ọmọ Ìgbómìnà kan tó mọ̀tàn wá tún un ṣe. Nọ́ńbà mẹ́rin ló rọ́pò nọ́ńbà mẹ́rin, àyípadà báìtì jẹ́ òdo. Àtúnṣe tó ṣe pàtàkì jù lọ lójú ewé yẹn ni irinṣẹ́ kà sí asán. Ẹni tó yọ ìpínrọ̀ irọ́ kúrò tilẹ̀ wọ gbèsè, nítorí tirẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òdo.

Àmì ohùn kan náà tún ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú “ọ̀” pọ̀: ó lè kó o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn sílẹ̀ ní mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè mú “ọ” ní odidi kó wá fi àmì ohùn lé e, àwọn mìíràn sì ń fi ìlà kékeré sísàlẹ̀ dípò àmì tó rí rogodo. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú irinṣẹ́ tí wọn kò kọ́, ìlú mẹ́ta ni, tàbí ènìyàn mẹ́ta. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ lórí fóònù kò ní bá èyí tó wà lórí Wikipedia mu, irinṣẹ́ yóò sì sọ pé ẹni yẹn kò padà wá mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ní ọ̀nà láti sọ àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn di ọ̀kan, Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sì ní ohun tó ń ṣe é nínú láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kan kún un. Ti ìlà kékeré yẹn ni ẹ máa fọwọ́ ara yín yí sí àmì rogodo.

Aago náà ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Aago kan ṣoṣo ni Wikipedia ń lò fún gbogbo ayé, aago UTC, tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ lè rí nọ́ńbà bíi 20240315233000. Ọdún 2024 ni, oṣù kẹta, ọjọ́ 15, aago 23:30, ìyẹn alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, ọjọ́ Sátidé ti wọlé pẹ̀lú ààbọ̀ wákàtí, nínú oṣù Ramadan ọdún yẹn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè sùn lẹ́yìn ìrun àṣámù. Ẹni tó bá jókòó ti iṣẹ́ ní kété tí ọjọ́ kìíní ìdíje wọlé, ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje ni kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Yóò máa ráhùn pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, adájọ́ yóò máa sọ pé àtẹ ò purọ́, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ ohun tí wọ́n rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́ tó ń jára mọ́ṣẹ́. Ìṣirò tí Wikimedia ti ń lò tipẹ́ ni pé ẹni tó bá ṣe àtúnṣe márùn-ún ó kéré tán láàárín oṣù kan ni. Ẹ wá wo ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í dúró. Yóò kọ àyọkà rẹ̀ sínú fóònù títí yóò fi parí, yóò wá gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àtúnṣe kan ni. Ẹlòmíràn tó ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró re yóò tọ́jú àyọkà tirẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá kó tó parí rẹ̀, ó ti di ẹni tó ń jára mọ́ṣẹ́ ní ìlọ́po méjì. Nínú irinṣẹ́ open source, ẹ lè wá ìlà tí wọ́n kọ márùn-ún yẹn sí, kí ẹ yí i sí ọ̀kan, kí ẹ tún kà á, kí ẹ sì wo bí ìtàn ẹgbẹ́ yín ṣe máa yí padà. Mo gba gbogbo olùṣètò nímọ̀ràn láti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n tó kọ ìròyìn.

Lórí máàpù, ẹni tó wà ní Jámánì lè fi àwòrán tí sátẹ́láítì yà tọ́ka òrùlé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ní Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ kan, láìfẹsẹ̀ kan Kwara rí. Iṣẹ́ àánú ni. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Haiti ní 2010 ni gbogbo ayé rí bó ṣe wúlò tó. Ọmọ Pákátà tó jáde lọ bi àwọn àgbà ní orúkọ agboolé kan, tó sì tẹ̀ ẹ́ sórí máàpù, ọ̀kan péré ni wọ́n kà fún un. Irinṣẹ́ tó bá yẹ ká lò gbọ́dọ̀ ya òrùlé sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ.

Bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó kà rárá, ó ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ti dá padà náà ní àmì tirẹ̀.

Àwọn tí kò sí àmì kankan fún ni mo ń rò jù. Ẹni tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó jókòó ti ìyá àgbà kan títí ó fi rí bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀, ẹni tó tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ̀ fún gbogbo yàrá. Irinṣẹ́ kankan kò lè rí wọn. Wikipedia tilẹ̀ ní òfin pé orúkọ tuntun mẹ́fà péré ni ènìyàn lè ṣí lórí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́, kí àwọn oníwàhálà má bàa ṣí ẹgbẹ̀rún. Nínú yàrá tí gbogbo wọn ti ń lo fóònù ẹnì kan, ẹni keje kò ní lè wọlé. Yóò lọ ṣí tirẹ̀ nílé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó orúkọ jọ tán, kò sì ní sí nínú àkọsílẹ̀ kíláàsì yẹn láéláé. Olùṣètò lè bẹ̀bẹ̀ ṣáájú kí wọ́n gbé iye yẹn sókè, kí ó ṣáà rántí.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ

Iṣẹ́ bíi ti Òmù-Àrán tí mo sọ kò gbà ju ojú ewé kóòdù Python kan tàbí méjì lọ, àwọn tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì sì lè fẹ́ràn R, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Iṣẹ́ tó le ni pípinnu ohun tí à ń béèrè. “Ta ló ṣiṣẹ́ jù?” kì í ṣe ìbéèrè tó dára, nítorí ó ń sọ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni di ẹlẹ́ṣin ìdíje. “Oṣù wo ni àwọn tuntun máa ń sọ̀rètí nù?” sàn jù, nítorí ẹ lè ṣe nǹkan nípa ìdáhùn rẹ̀.

Kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́, ẹ mú àyọkà kan tí ẹ mọ̀ dunjú, ẹ fi ọwọ́ ka àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá irinṣẹ́ gba iye kan náà. Ẹ má da àkọsílẹ̀ tí ẹ kó wá nù, kí ẹlòmíràn lè tún un kà. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ yín sọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Wikipedia, ìlànà wọn nìyẹn. Ẹ rántí owó íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Àyọkà Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì nìkan ju gígábáìtì 20 lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un pọ̀. Ti Yorùbá kéré sí i lọ́nà púpọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lè gbé e. Ẹ sì kọ àlàyé irinṣẹ́ náà ní Yorùbá, kí ẹni tí wọ́n ń kà lè kà á.

Ìkọ̀kọ̀ tó wà nínú ohun gbangba

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé níwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ náà ti wà ní gbangba, kò sí ohun tí a kò lè fi ṣe. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe kan kò sọ nǹkan púpọ̀ nípa ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n tí irinṣẹ́ bá to ẹgbẹ̀rún àtúnṣe oníṣe kan sí wákàtí-wákàtí, yóò fi ìgbà tó ń sùn hàn, yóò fi hàn bóyá ó níṣẹ́ ojúmọ́, ọwọ́ tó sì ń dákẹ́ lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tàbí láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú lè tú ẹ̀sìn rẹ̀ síta. Nínú Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹ̀sìn ènìyàn wà lára ohun tí òfin fún ní ààbò tó le ju ti ìyókù lọ. Nítorí náà, ẹ kó èsì jọ ní àpapọ̀. Ẹ má sì ro pé àpapọ̀ tó nígbà gbogbo: tí àtẹ yín bá sọ pé “obìnrin láti Èsìẹ́: 1”, gbogbo Èsìẹ́ ti mọ ẹni náà. Níbi tí ènìyàn kò bá ti pọ̀, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ìlú mìíràn tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Wikimedia Fan Club ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí olùkọ́ kan ní Ọ̀fà tí kò kọ kóòdù rí, Quarry ni mo máa ní kó lọ. Orúkọ tó fi ń wọ Wikipedia náà ló máa fi wọlé. Gbangba ni gbogbo ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ti bi í rí wà, bọ́tìnì kan sì wà tí a fi ń mú ẹ̀dà ìbéèrè ẹlòmíràn. Ẹ wá èyí tó jọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀. Níbi tí ẹ ti rí enwiki_p, tó jẹ́ àkọsílẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ yowiki_p, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Èsì tó bá jáde, ẹ lè gbé e sínú Excel. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni ọ̀wọ́ àkókò: ẹ fi wákàtí kan kún un.